Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Tísà Dọ́káàsì

Bí Tísà Dọ́káàsì bá ń ka àwọn tó yẹ kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, Bùrẹ́ímọ̀ télọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀rín a máa pa àwọn tó bá gbọ́, torí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin náà kò fún un ní nǹkan kan. Ìbínú ló fi bá a sọ̀rọ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1955 ni, ọdún tí ìjọba sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá béèrè ilé-ìwé ìjọ tó wà lẹ́yìn ojú irin ní Ìfọ̀ kò ní í ṣìnà, nítorí ariwo kíláàsì Tísà Dọ́káàsì yóò mú un débẹ̀. Àwọn tísà yòókù ní ariwo náà pọ̀ jù. Wọn ò parọ́, ó pọ̀. Ọmọ márùndínlọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ.

Ìdí ni pé Tísà ní ọ̀nà tirẹ̀. Láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, á ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tó rí bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà. Ọmọ kan rí ìgbín, òmíràn rí ọkọ̀ ojú irin tó kó obì láti Ìlaròó. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n á kà, òun ni wọ́n á kọ sórí síléètì, òun náà ni wọ́n á fi kọrin. Ó ní pàṣán lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà ara pátákó nìkan ló fi ń tọ́ka sí.

"Tí mo bá nà wọ́n, wọn ò ní bi mí ní ìbéèrè mọ́, sà," ló máa ń wí fún ọ̀gá ilé-ìwé.

Ẹni tó máa ń béèrè jù nínú wọn ni Ròkíátù, ọmọ Bùrẹ́ímọ̀ télọ̀. Bí àwọn yòókù bá rí ìgbín, wọ́n rí ìgbín náà nìyẹn. Ròkíátù á fẹ́ mọ ibi tó ń lọ, àti ìdí tí kò fi gbé ilé rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó mọ̀ pé ó wúwo. Kí sáà kìíní tó parí, ó ti ń kàwé já geere.

Àmọ́ wọn kì í pè é ní Ròkíátù nílé-ìwé. Rúùtù ni wọ́n ń pè é. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé bí ọmọ Mùsùlùmí bá wọlé, tísà á fún un lórúkọ látinú Bíbélì. Wọn kì í bi òbí léèrè. Bí ọwọ́ ọmọ bá ti gba orí kan etí kejì, tí wọ́n rí i pé ó tó ilé-ìwé lọ, wọ́n á kọ orúkọ tuntun sínú rẹ́jísítà, ó parí. Tísà Dọ́káàsì kò rí aburú kankan nínú rẹ̀. Ó tilẹ̀ fara balẹ̀ ṣa Rúùtù fún ọmọ náà, bí ẹni ń ṣa aṣọ Kérésì.

Lọ́jọ́ tí sáà parí, Ròkíátù sáré délé, ó ní kí bàbá òun dá maṣíìnì dúró. Bùrẹ́ímọ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn láti gbọ́. Ọmọ na káàdì èsì sókè, ó kà á ketekete: "Rúùtù Bùrẹ́ímọ̀. Ipò kìíní."

"Ta ni Rúùtù?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó gba káàdì, ó ká a po, ó fi sábẹ́ aṣọ tó ń rán. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, wọn kò rí Ròkíátù.

Láràárọ̀ ni Tísà ń pe Rúùtù nínú rẹ́jísítà, tí kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọ̀gá ilé-ìwé ní tó bá fi lè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun á fi ọmọ mìíràn dí àyè rẹ̀, àwọn tó ń dúró níta pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká Tísà lára. Ó mọ̀ pé bí ọmọbìnrin yẹn bá fi lè pàdánù àyè yìí, igbá ọjà ni wọ́n máa gbé lé e lórí, gbogbo ìbéèrè rẹ̀ á sì parí síbẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gba ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Torí Rúùtù ni mo ṣe wá."

Ẹ gbà mí! Obìnrin tó kúnlẹ̀ dáadáa, ó tún wá fẹnu ara rẹ̀ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Kò sí Rúùtù nílé yìí," Bùrẹ́ímọ̀ dáhùn, kò gbójú kúrò lára aṣọ. "Ọjọ́ kẹjọ tí a bí ọmọ mi la pa àgbò, tí àlùfáà pe orúkọ sí i létí. Ìyá mi ló ń jẹ́ Ròkíátù kó tó kú. Ṣé ẹ̀ ń bá wa kọ́ ọmọ ni, Tísà, àbí ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa?"

"A ò fẹ́ gbà á o, Bàbá."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ìyá yín sọ yín?"

 Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún Tísà nílé-ìwé, tí olùkọ́ rẹ̀ ti pa orúkọ àbísọ rẹ̀ tì, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣì ń fi orúkọ náà pè é nílé wọn ní Owódé, lẹ́yìnkùlé, ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ará ìjọ má baà gbọ́. Ìyá náà ti kú.

"Ọ̀ṣunníkẹ́," ó wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀ṣunníkẹ́ ni ìyá mi sọ mí. Ẹ dákun, Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Wọ́n ṣe é fún mi, èmi náà wá ṣe é fún ọmọ yín. Mo rò pé oore ni."

Ẹsẹ̀ Bùrẹ́ímọ̀ dúró lórí maṣíìnì. 

"Ẹ dìde, Tísà. Ọmọ yẹn ò jẹ́ ká gbádùn láti ọjọ́ tó ti wà nílé. Láràárọ̀ ló ń wá sọ ohun tó rí fún mi. Ẹ wo ohun tó fi ṣọ́ọ̀kì mi ṣe sí ògiri."

Tísà wo ògiri. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àgbò wà níbẹ̀, ìgbín náà wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọmọ náà ti kọ Ròkíátù, orúkọ tí tísà kankan kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ròkíátù padà sílé-ìwé. Tísà ti ra rẹ́jísítà tuntun, ó sì ti kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sí i bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ nílé: Mùtíù, Hàfísátù, Nọ́fíù, gbogbo wọn pátá. Ọ̀gá ilé-ìwé bi í pé ta ló fún un láṣẹ.

"Àwọn ìyá wọn ni, sà," ó dáhùn.

 Ròkíátù ti sún mọ́ tábìlì, ó ń yọjú wo ìwé tuntun náà bí ìṣe rẹ̀. Ó ka orúkọ tó wà lókè pátápátá, níbi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ tísà kíláàsì sí, ó sì gbójú sókè.

"Tísà, ta ni Ọ̀ṣunníkẹ́?"

"Èmi ni," ni Tísà wí.