Ẹ̀yìn Mọ́tò Alájì

Gbogbo agboolé wa ní Fante New Town ló ń pe Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ní Dírẹ́bà. Bàbá ní àwọn làwọn wa mọ́tò Amẹ́ríkà gbọọrọ kan fún Alájì tó ń ta aṣọ, ará Ìlọrin bíi tiwa, kí wọ́n tó bí mi. Alájì ti kú, mọ́tò ti di ti ẹlòmíì, ọ̀pọ̀ àwọn tó lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà sì ti padà sílé nígbà tí ìjọba ilẹ̀ yìí ní kí àwọn àjèjì bíi tiwa máa lọ. Bàbá Kékeré nìkan ló kù tó ń sọ ìtàn náà. Tí wọ́n bá wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò, iwájú ni wọ́n ń jókòó, wọ́n á sì máa kọ́ onímọ́tò níṣẹ́ títí dé Tafo.

Kápẹ́ńtà ni mí. Ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kàn jẹun, ṣùgbọ́n mọ́tò kéékèèké tí mò ń fi igi gbẹ́ ló ń dùn mọ́ mi nínú. Mi ò sì fẹ́ kó kàn jọ ọ́ lásán. Ẹsẹ̀ bàtà kan lára mọ́tò gidi gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì kan lára tèmi, bí iná tàbí dígí kan bá sì yàtọ̀, màá tú u palẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan fún mi ní káléńdà àtijọ́ tí àwòrán irú mọ́tò Alájì wà nínú ẹ̀. Iwájú ni wọ́n yà, ilẹ̀kùn ẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Dípò kí n fi han Bàbá Kékeré, mo fi í pamọ́ sábẹ́ pákó, mo ní kí wọ́n wá ràn mí lọ́wọ́ kí n lè gbẹ́ mọ́tò Alájì.

"Iná mélòó ló wà níwájú ẹ̀, Bàbá?"

"Méjì. Ó mọ́lẹ̀ gan-an paa."

Mẹ́rin ló wà nínú káléńdà.

"Jíà ńkọ́?"

"Nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi."

Nínú káléńdà, abẹ́ sítiárìn ni jíà wà. Mo rọra ń rẹ́rìn-ín sínú, mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé ẹ̀yìn mọ́tò, tí káléńdà ò fi hàn, Bàbá Kékeré dijú, ọ̀rọ̀ sì ń tú jáde. Búmpà ẹ̀ tẹ̀ wọnú lọ́wọ́ ọ̀tún, àtẹ́lẹwọ́ kan wọ ibẹ̀ wẹ́kú. Iná òsì pupa, tọ̀tún yẹ́lò, nítorí ti lọ́rì ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Ṣúkúrù mẹ́rin ló mú nọ́ńbà, ọ̀kan ti bọ́. Wọ́n tiẹ̀ fi itan ara wọn júwe ibi tí búmpà ga dé. Mo gbà pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀.

Ni mo bá gbẹ́ mọ́tò náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àṣìṣe inú ẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Hájíà, ìyàwó Alájì, tó ṣì ń gbé ní Tafo, pé kí wọ́n wá kí wa nígbà Iléyá. Mo tún ta àwọn ìyàwó ilé lólobó kí wọ́n má baà pàdánù eré.

Nígbà tí mo ṣí aṣọ lórí mọ́tò náà, Hájíà bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló fọ́ ojú méjì lára mọ́tò ọkọ mi? Mẹ́rin ni. Jíà yìí náà ò rí báyìí rárá kraa."

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Kékeré. Sálúbàtà ẹsẹ̀ ara wọn ni Bàbá ń wò. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Hájíà wá yí mọ́tò náà padà. Wọ́n fọwọ́ kan ibi tó tẹ̀ lára búmpà, wọ́n fọwọ́ kan iná yẹ́lò, wọ́n sì yọ awò ojú wọn.

"Ta ló sọ èyí fún ẹ?"

Mo nawọ́ sí Bàbá Kékeré. Hájíà wò wọ́n pẹ́.

"Wáláì, ìwọ ni. Mọ́tò yẹn kì í fẹ́ jí láàárọ̀. Dírẹ́bà wa á jókòó síwájú, èmi àti ọkọ mi á wà lẹ́yìn, ọmọkùnrin kan á sì máa ti mọ́tò látẹ̀yìn. Inú dígí ẹ̀yìn ni mo ti ń wo ojú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń rọbí àkọ́bí mi, fìlà ẹ̀ já bọ́ sínú ẹrẹ̀, kò dúró mú un. Ó tì wá títí mọ́tò fi jí. Mo bi ọkọ mi pé kí lorúkọ ẹ̀, ó ní òun ò mọ̀."

Èmi tí mo pe èrò wá rẹ́rìn-ín, ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè wò.

Bàbá Kékeré tún agbádá wọn ṣe, wọ́n yíjú sí mi. "Kápẹ́ńtà, fi iná méjì kún un níwájú. Iṣẹ́ ẹ ò sì tíì pé. Èmi dà?"

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbẹ́ ọkùnrin kan, ínṣì márùn-ún ààbọ̀, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ wà níbi tí búmpà ti tẹ̀. Mo dé fìlà funfun sí i lórí, kí n fi tọrọ àforíjì. Bàbá Kékeré gbé e sókè, wọ́n yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

"Fìlà ti já bọ́ nígbà yẹn," ni wọ́n wí. "Yọ ọ́."