Oníbúrẹ́dì Tí Ara Rẹ̀ Kọ Búrẹ́dì

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, mi ò gbọ́ yín. Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Ó dáa. Àlọ́ mi kò fò, kò sáré, kò gba orí igi kọjá. Ó rọra wọlé, ó lọ jókòó sí ilé oníbúrẹ́dì kan. Kò sí ìjàpá nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ máa retí rẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń ṣe búrẹ́dì. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣe é, nínú yàrá gígùn kan tí ògiri rẹ̀ funfun nítorí ìyẹ̀fun, kì í ṣe nítorí ọ̀dà. Kí ẹnikẹ́ni tó lajú ní àdúgbò, ó ti po ìyẹ̀fun àlìkámà pẹ̀lú omi, iyọ̀ àti ìwúkàrà, ó ti fi aṣọ bò ó kó lè wú. Bí ó bá dáná sí ààrò, a máa kọ orin ìsìn kan, ẹsẹ mẹ́rin gbáko, ní fífà. Bí ẹsẹ kẹrin bá ti parí, ààrò ti gbóná tó nìyẹn. Kò fi aago ṣiṣẹ́ rí.

Búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó bá jáde, òun ló ni ìdí rẹ̀. Á gé ìdí náà, tó le lóde tó sì rọ̀ nínú, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ojú rẹ̀ á sì padé. Ọkọ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá kejì, sọ pé òun ò rí i kó gbàdúrà tó jinlẹ̀ tó ìyẹn rí.

Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n faṣọ bò. Ara ń yún un, egbò wẹ́wẹ́ ń yọ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń fara ti àpò ìyẹ̀fun sùn. Ó kọ́kọ́ ní ata ni. Ó fi ata sílẹ̀. Ó ní omi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í se omi kó tó mu ún. Ó wá ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ òun ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kì í sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá lójúmọ́, ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kó padà wá lọ́sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tó padà lọ, dókítà bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó sọ. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e wọ̀ padà.

"Màmá, àlìkámà ni ara yín kò gbà."

"Tí mo bá dín in kù ńkọ́?"

"Kò sí pé à ń dín in kù. Bó kéré bí èékánná, ara yín máa mọ̀."

Ó ní bí kò bá lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó máa fi aṣọ bo imú nídìí rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ìyẹ̀fun kan ẹnu rẹ̀.

Ó délé, ó ròyìn fún ọkọ. Télọ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ṣòkòtò kan lọ́wọ́. Ó ní, "Ó wá dà bíi kí wọ́n ní aṣọ ò gbọdọ̀ kan èmi lára." Ó padà sídìí ṣòkòtò rẹ̀. Ohun tó sọ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú nìyẹn.

Oníbúrẹ́dì tẹ̀lé òfin. Láàárín oṣù méjì, ikùn ti fà, egbò ti gbẹ, oorun ti kúrò lórí àpò ìyẹ̀fun, ó ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ àárọ̀ rẹ̀ ti ṣófo. Á gbé búrẹ́dì àkọ́kọ́ jáde, á máa wò ó, búrẹ́dì náà á máa wò ó. Orin pàápàá kì í kọjá ẹsẹ kejì mọ́. Nítorí náà ó ń ki búrẹ́dì sínú ààrò kí ààrò tó gbóná, búrẹ́dì ń jáde ní funfun báláú, àwọn oníbàárà sì ń bi í pé ṣé ara rẹ̀ kò yá ni. Ìgbà tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n máa ń jẹ oúnjẹ Olúwa níbẹ̀, òun ló sì ń ṣe búrẹ́dì rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Pẹ̀lú gbogbo òfin tó ń pa mọ́, ó jẹ èyí. Ó ní Olúwa tó dá ara kò ní jẹ́ kí ara tirẹ̀ pa òun lára. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ló fi dùbúlẹ̀, tó ń wo àjà. Inú ń run ún, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn ún ju inú rírun lọ ni èrò kan tí kò jẹ́ kó sùn. Bí ara òun bá kọ ara Olúwa, ta ló wá kọ ta?

Oṣù tó tẹ̀lé e, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibi tó máa ń jókòó. Díákónì gbé àwo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bíríkìlà ni díákónì yìí. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ti di etí òsì rẹ̀ tipẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀, ohun tó gbà ni pé àwọn èèyàn ayé ìsinsìnyí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Etí òsì yìí ló kọ sí fèrèsé. Oníbúrẹ́dì mirí. Díákónì dúró, ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ló dé. Òun náà dá a lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ara mi kọ̀ ọ́."

Ohun tí díákónì gbọ́ ni, "Ara? Mo kọ̀ ọ́."

Ẹ wo bó ṣe kéré tó. *Mi* àti *mo*. Ètè ká díẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ikùn, ó di ti ọ̀run.

Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé ìyá oníbúrẹ́dì kọ ara Olúwa, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwo. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti fi kún un pé ó rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ìjọ ránṣẹ́ pè é. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kò ní ṣe búrẹ́dì ìjọ mọ́, kò sì ní bá wọn jókòó nídìí tábìlì Olúwa mọ́.

Ó wọ aṣọ tó dáa jù, ó lọ. Télọ̀ tẹ̀lé e, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti aṣọ funfun kékeré kan tó ń ṣẹ́ etí rẹ̀. Àgbà márùn-ún ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ àti ìwé orin tó ti ya. Pásítọ̀ ní kí díákónì sọ ohun tó gbọ́. Ó sọ ọ́, kò bù mọ́ ọn, kò yọ níbẹ̀, olóòótọ́ èèyàn ni. Oníbúrẹ́dì ní òun kọ́ lòun sọ bẹ́ẹ̀. Díákónì ní ṣé òun wá ń parọ́ ni. Ó ní rárá. Díákónì ní àbí òun ò gbọ́rọ̀ dáadáa ni.

Àwọn àgbà ń wojú ara wọn. Gbogbo wọn ló ti mọ̀ nípa etí yẹn láti ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n kàn ń fojú fò ó ni.

Ìyá akọrin, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, tún ọ̀fun ṣe. "Díákónì, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ sétí ọ̀tún."

Inú díákónì kò dùn sí i, àmọ́ ó yíjú. Oníbúrẹ́dì sọ ọ́ ní ohùn kan náà. "Ara mi kọ̀ ọ́."

Díákónì rò ó títí. "Ara yín ni."

"Ara mi ni."

"Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Èmi fẹ́ ẹ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe é." Ó yíjú sí pásítọ̀. "Pásítọ̀, ṣé Ọlọ́run lè pe èèyàn wá jẹun, kó má mọ ohun tí ara ẹni yẹn kò gbà?"

"Ó mọ̀," ni pásítọ̀ wí. "Àwa tá à ń gbé àwo kiri ni ò mọ̀."

Àgbà kan ní búrẹ́dì àlìkámà làwọn bàbá àwọn jẹ. Òmíràn ní ta ló bá wọn wọn ìyẹ̀fun wò. Wọ́n jiyàn títí télọ̀ fi ṣẹ́ etí aṣọ rẹ̀ yí ká. Ó já òwú, ó ní, "Ẹ ní kó ṣe òmíràn." Ibi tí wọ́n fi àbọ̀ sí nìyẹn. Kó ṣe tirẹ̀ wá ní oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n búrẹ́dì gan-an ni kó jẹ́, èyí tí èèyàn lè fọwọ́ bù. Bó bá ń kán bíi bísíkíìtì, àwọn ò gbà, kò sì ní bá wọn jẹ.

Ó ra abọ́ tuntun, ó fọ ààrò kékeré tó wà ní ilé ìdáná rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ ìrẹsì di ìyẹ̀fun. Èyí àkọ́kọ́ le. Télọ̀ fi di aṣọ mú lórí tábìlì rẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e, ó sì wúlò dáadáa. Èkejì ṣàn. Ẹ̀kẹta wú títí, ó wá rì wọ̀ọ̀ bíi fìlà tí wọ́n jókòó lé. Láti orí èkejì, télọ̀ ń jẹ gbogbo rẹ̀. Bí ìyàwó bá bi í pé báwo ni, á ní ó ṣeé jẹ.

Ó ku ọjọ́ méjì. Ó gún ọ̀dùnkún bíbọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun ìrẹsì, ó po ẹyin méjì mọ́ ọn, ó dáná. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ orin. Ó kọ ọ́ dé ẹsẹ kẹrin. Búrẹ́dì náà jáde, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó gé ìdí rẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ojú rẹ̀ padé.

Télọ̀ rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó fi ẹ̀yìn rìn padà, ó sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ láìwà á fún ìgbà pípẹ́, kó má baà pariwo.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Àwo ńlá wà níbẹ̀, àwo kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun tí télọ̀ ṣẹ́tí ni wọ́n fi bò ó. Oníbúrẹ́dì ti kúrò nídìí fèrèsé, ó lọ jókòó sí apá kejì, níbi tí etí ọ̀tún díákónì máa kọ sí. Pásítọ̀ kéde pé àwo kékeré wà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba àlìkámà. Gbogbo ìjọ mọ ẹni tó ń bá wí. Ẹyọ mẹ́rin péré ni oníbúrẹ́dì gé síbẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù wà nílé.

Ìyá akọrin ló kọ́kọ́ nawọ́ sí àwo kékeré. Ọdún mẹ́fà ló ti ń fi aṣọ ìnujú gba búrẹ́dì, tó ń lọ fi bọ́ adìyẹ rẹ̀. Bàbá àgbà kan lórí bẹ́ǹṣì kejì mú ọ̀kan, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin bàbá náà mú ọ̀kan. Nígbà tí díákónì fi máa dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, ẹyọ kan ló kù. Ó nawọ́ sí i, ó sì rí i pé díákónì náà ń wò ó. Kì í ṣe òun ló ń wò, búrẹ́dì ni.

Díákónì họ ọrùn. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìyẹn ni pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ.

"Ìyá oníbúrẹ́dì, ìrẹsì ni mò ń jẹ nílé. Ọjọ́ tí mo bá jẹ búrẹ́dì níbí nìkan ni ara máa ń yún mi, láti ọdún mẹ́wàá. Mo rò pé Ẹ̀mí ni."

Oníbúrẹ́dì mú ẹyọ náà, ó bù ú sí méjì. Kò kán. Ó ya pẹ̀lẹ́, bí búrẹ́dì ṣe ń ya. Àgbà márààrún ló na ọrùn wò ó. Ó fún díákónì ní ìdajì, ó jẹ ìdajì, àwọn méjèèjì sì dúró bí ẹni tó ń retí àbájáde.

"Ara mi gbà á," ló sọ sétí ọ̀tún díákónì. "Mo gbà á."

"Mo gbọ́ méjèèjì," ni díákónì wí.

Ọjọ́ Ajé, oníbúrẹ́dì jí ní ìdájí, ikùn rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Ó kọ ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, búrẹ́dì àwọn oníbàárà sì jáde ní pípọ́n. Lọ́sàn-án, díákónì yà wá sọ pé ara kò yún òun rárá. Ó jọ pé inú rẹ̀ kò dùn tán. Ó ti mọ́ ọn lára.

Àlọ́ mi ti dé ibi tó ń lọ, ó ti bọ́ bàtà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí adìyẹ ìyá akọrin wá ń jẹ, kó lọ bi adìyẹ. Ẹ dìde, ẹ gbọn ẹsẹ̀ yín dáadáa, ẹ kúrò lórí ẹní mi, ẹ lọ sùn.