Ọmọlúàbí Dà?

Mo rántí ìgbà tí orúnkún mi máa ń ṣe tirẹ̀ láìdúró gbọ́ tẹnu mi. Kí àgbàlagbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lókèèrè, kí n tó mọ ẹni tó ń bọ̀, mo ti wà nílẹ̀. Bí ìyá mi tó ń yan gààrí ní Ìbefun ṣe tọ́ mi nìyẹn, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó síngbọnlẹ̀ bíi tèmi gbọ́dọ̀ yára kúnlẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ọmọ tín-ín-rín bá pẹ́ kó tó kúnlẹ̀, wọ́n á ní bóyá ó ń ronú ni. Bí èmi bá pẹ́, wọ́n á ní ìgbéraga ni mo jẹ yó.

Ilé-ìwé girama ni mo wà ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí ọ̀kadà tíṣà ìṣirò wa kó sí gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Àwọn ọmọkùnrin fà á títí, kò mira. Mo sọ báàgì mi kalẹ̀, mo gbé e jáde ti tíṣà ti tíṣà, wọ́n ṣì jókòó lé e, wọ́n ṣì ń bú àwọn tó ń fà á. Tíṣà eré ìdárayá dúró níbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ ọkọ̀ lọ bá ìyá mi ní Ìbefun, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi mí ṣe agbé-irin, pé orílẹ̀-èdè yóò gbọ́ orúkọ mi. Ìyá mi ní, "Mo fà á lé yín lọ́wọ́, sà. Ẹ bá mi tọ́ ọ bí ọmọ yín." Bí tíṣà eré ìdárayá ṣe di kóòṣì mi nìyẹn.

Wọ́n tọ́ mi lóòótọ́. N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Láràárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan irin, wọn á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbérin wa tó ń rùn fún ìpẹtà àti òógùn, wọn á ní, "Ọmọlúàbí dà?" Èmi á kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, màá ní, "Èmi rèé, sà." Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé irin kì í bá ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn. Ó dé ibi pé bí mo bá gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu wọn lójú títì, pẹ̀lú ẹrù lórí mi, orúnkún mi á ti máa wólẹ̀. Mo fi ń yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Nígbà tí orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, oníṣòwò pákó kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ra ọkọ̀ fún kóòṣì pé kí wọ́n wá kọ́ ọmọbìnrin òun, tí òun náà wúwo, tó sì lágbára. Wọ́n lọ láìsọ fún mi. Mo dé yàrá wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ń dúró kí wọ́n pè mí, títí tí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi bi mí pé kí ni mo ń wá nílẹ̀. Síbẹ̀ mo bá wọn wá àwáwí. Mo ní àgbà ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Abẹ́òkúta la ti ṣe ìdíje tí wọ́n fẹ́ fi yan ẹni kan ṣoṣo tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè nínú àwa obìnrin tó wúwo jù. Ó ku èmi àti ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti gbé tirẹ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù fún mi; bí mo bá gbé e, èmi ni mo ń lọ. Òfin eré wa ni pé bí o bá na irin sókè tán, kí o dúró gbọn-in, apá nínà, ẹsẹ̀ nínà, títí àwọn rẹfirí yóò fi ní kí o sọ̀ ọ́. Mo na irin yẹn sókè. Ó dúró. Nígbà náà ni kóòṣì rọra bọ́ síwájú, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, wọ́n ní, "Ọmọlúàbí dà?"

Orúnkún mi dá wọn lóhùn kí orí mi tó gbọ́. Apá mi òsì dẹ̀, irin já bọ́ síwájú mi, iná pupa àwọn rẹfirí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tàn pé n kò yege. Láti ibí yìí lọ, n kò ní fi "wọ́n" pe ọkùnrin yẹn mọ́. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un bá irin náà bọ́ sílẹ̀.

Ó mọ ohun tó ṣe. Òun ló kọ́ orúnkún mi, òun náà ló sì lò ó. Ta ni n ó wá ro ẹjọ́ náà fún? Pé kí ni? Pé àgbà kí mi? Gbogbo èèyàn ní ojora ló mú mi. Ìyá mi ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, pé kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì tó ṣì rántí mi láàárín èrò. N kò lọ. Inú bí mi débi pé oúnjẹ ń korò lẹ́nu mi, ẹni tó bá sì rí mi nígbà náà mọ̀ pé èmi àti oúnjẹ kì í jà.

Mo padà sídìí irin. Mo bẹ ìyá mi pé bí irin bá ti wà lókè orí mi, kí wọ́n máa pè mí bí kóòṣì ṣe ń pè mí, kí wọ́n máa wo orúnkún mi.

"Òtí o," ni wọ́n wí, bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń kọ̀. "Kí n máa kọ́ ọmọ tí mo bí ní àfojúdi?"

Mo wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún wọn. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn wá síwájú mi, wọ́n tún ìró wọn ró. "Gbé irin ẹ," ni wọ́n wí. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń pè mí, orúnkún mi ń gbọ̀n. Wọ́n ń pè mí, irin ń já bọ́. Wọ́n pè mí títí ohùn wọn fi ha, títí ọ̀rọ̀ náà fi di ariwo lásán létí mi.

Nígbà tí ìdíje yẹn tún yí dé, àwa méjì náà la tún kù. Mo na irin sókè. Ọkùnrin yẹn bọ́ síwájú bí mo ṣe ń retí, ó sì pè mí, sókè lọ́tẹ̀ yìí. N kò mira. Àwọn rẹfirí ní kí n sọ̀ ọ́, n kò sọ̀ ọ́. Mo wo ojú rẹ̀ láti abẹ́ irin, mo ní, "Èmi rèé, sà," lórí ìdúró. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé agbára ni mo ń fi hàn. Ìgbà tó gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀ ni mo tó sọ irin náà kalẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí kò mọ nǹkan kan, wá dì mọ́ mi.

Mo lọ sókè òkun, mo gba wúrà, mo sì wà lókè nínú eré náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ kò tó mi. Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo padà wá ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo bá ọkùnrin yẹn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti di alàgbà, gbogbo obìnrin ń kúnlẹ̀ kí i. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń dúró kí n kúnlẹ̀. Mo dúró sán-ún, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Ìyàwó pásítọ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, sà. Irin ti jẹ orúnkún ọmọ yín." Gbogbo wọn bá káàánú mi. Ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò retí pé kí n kúnlẹ̀ mọ́, n kò sì tọ́ wọn sọ́nà.

Nínú ìjọ, òun nìkan ló mọ òótọ́. Ó ti darúgbó báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ní, "Orúnkún ń kọ́?"

"Ara rẹ̀ le, sà," ni mo wí. "Kò sí ohun tó ṣe é rí."

Ó mi orí, ó lọ jókòó. Àwọn kan nínú ẹbí tó mọ ìtàn yìí ní kí n dárí jì í, kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ti fi í lé E lọ́wọ́. Láràárọ̀ tí Ọlọ́run bá jí mi, mo máa ń sọ orúnkún mi méjèèjì kalẹ̀ lórí símẹ́ǹtì yàrá mi, màá gbàdúrà fún ọkùnrin yẹn pé kó pẹ́ láyé, kí ojú rẹ̀ má ṣe fọ́, kó máa rí mi lórí ìdúró.