Epo Tí Màmá Jẹ́rìí Sí

Bí ẹ bá rí Tẹ́ní tó ń sùn nínú mọ́tò níwájú ilé ara rẹ̀ ní Norcross, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i. Ó ti tọ́jú aláìsàn fún wákàtí méjìlá, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, aláìsàn mìíràn ń dúró de òun nínú ilé, ìyẹn ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo ti bá a wí títí, ó ti sú mi.

Àtọ̀gbẹ ló ba ẹsẹ̀ Màmá jẹ́. Ó ní ṣe ló ń ta òun bí ẹni tó tẹ iná. Wọ́n lo oògùn yìí, wọ́n lo tọ̀hún, Màmá kò rí oorun sùn. Níkẹyìn, dókítà kan ní kí wọ́n gbìyànjú epo tí wọ́n ń yọ lára igbó, ewé tí àwọn kan ń mu bíi sìgá. Ó ṣàlàyé dáadáa. Epo náà kì í wo àtọ̀gbẹ sàn, àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ó máa ń dín ìrora kù fún àwọn kan, òfin Georgia sì fàyè gbà á fún aláìsàn tó bá gba káàdì lọ́wọ́ ìjọba. Tẹ́ní ló ń túmọ̀ fún Màmá. Nígbà tó dé ibi orúkọ epo náà, ẹnu rẹ̀ wúwo.

"Màmá, wọ́n ní epo ewé kan ni." Ó parí rẹ̀ síbẹ̀.

Mo mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, n ò kàn lè dá a láre ni. Igbó ló da orí Ọbáfẹ́mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, rú ní yunifásítì. Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá fi ń wá a kiri ìgboro Ilé-Ifẹ̀, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ, kí ọmọ náà tó kú. Ta ni yóò wo ojú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kó sọ pé igbó ni oògùn rẹ?

Epo náà sì ṣiṣẹ́. Ó ń rùn bí ewé tútù tí wọ́n fọwọ́ ra, Màmá kò sì fẹ́ràn òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí wọ́n kán an sábẹ́ ahọ́n òun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi àpótí lẹ́tà. Ní Sunday, ó gba máìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ìjọ bá òun dúpẹ́ nítorí epo tí Ọlọ́run fi ewé ṣe. Gbogbo ilé hó. Tẹ́ní dorí kodò bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Tẹ́ní kò tilẹ̀ lọ tó oṣù méjì. Ní Monday, bó ṣe ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, ó gbé ìgò epo, ó rí i pé ó ti dín dé ìdajì.

"Màmá, ta ló lo epo yín?"

"Mo bu díẹ̀ fún àbúrò mi ní Ọ̀yọ́. Ṣé o ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun òun náà ni? Mo fi í sínú ẹrù tí mo fún Oyèníran lánàá."

Ta ló ń lọ sílé láti Atlanta tí wọn kì í rán níṣẹ́? Oyèníran, alàgbà ìjọ wọn, ti gba ẹrù ènìyàn méje, kò sì tú ọ̀kan wò, nítorí ta ni yóò tú ẹrù tí ìyá àgbà dì? Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni yóò wọ bàálù lọ sí Lagos, níbi tí òfin kò ti mọ káàdì Georgia rárá. Bí wọ́n bá bá epo igbó nínú báàgì rẹ̀, àtìmọ́lé ló ń lọ.

Tẹ́ní pè é, kò gbé e. Ó gbá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú, ó forí lé airport. Màmá tẹ̀lé e pẹ̀lú ìbínú, nítorí ó rò pé ọmọ òun ń ṣahun epo sí àbúrò òun ni.

"Ẹni tó gbé ọ pọ̀n! Epo lásán!" Ó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi la òpópónà I-85 já.

Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé airport nígbà tí Oyèníran pè padà. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo inú mọ́tò.

"Tẹ́ní, mo ti wà lórí queue o. It's almost my turn."

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì check-in. Ẹ yọ ẹrù Màmá kúrò nínú bag yín."

"Haba! Mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti fi tape wé e. Kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?"

Tẹ́ní wo Màmá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò rí irọ́ mìíràn pa.

"Igbó ni, Uncle. Epo igbó ni."

Wọ́n gbọ́ bí tape ṣe ń ya, tí Oyèníran ń pe Jésù.

"Mo ti rí i. Mo ti jù ú sí trash. Tẹ́ní, ṣé o fẹ́ bá tèmi jẹ́ ni?"

Oyèníran ti bọ́ lọ́wọ́ àtìmọ́lé. Nígbà tí wọ́n padà délé, Màmá dojú kọ Tẹ́ní.

"Ohun tó pa ọmọ mi ni o jẹ́ kí n dúpẹ́ rẹ̀ níwájú ìjọ."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní lò ó ni."

"Bóyá n ò ní lò ó. Bóyá màá lò ó. Ẹsẹ̀ ta ni?"

Nígbà tí ọjọ́ dókítà tún pé, Màmá ti ní kí ọmọbìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá òun pe ilé ìwòsàn, kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún òun. Ó ní kí Tẹ́ní dúró síta. Tẹ́ní jókòó pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí lórí fóònù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń sọ Yorùbá fún ìyá rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun sunkún, pé kì í ṣe àárẹ̀ nìkan.

Màmá jáde.

"Màmá, kí lẹ wá pinnu?"

"Èmi àti dókítà ti sọ̀rọ̀."

Ó gba ọ̀nà ibi tí mọ́tò wà lọ, kò sì dúró kí Tẹ́ní di òun lápá mú.