Kápúsù Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

Ìṣó gún mi lẹ́sẹ̀. Káfíńtà ni mí, òrùlé ni mò ń kàn, ìṣó sì ti ń gún mi láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, nítorí náà n kò kà á sí. Ilé kan ní Mowe ló ti ṣẹlẹ̀, ilé tí onílé ti kó wọ̀ kí n tó bo orí rẹ̀ tán, bí ìṣe wọn lápá ọ̀dọ̀ wa. Mo fi epo pupa ra ojú ibẹ̀, mo gun òrùlé padà. Nígbà tó máa fi tó oṣù kan, bàtà kankan kò gba ẹsẹ̀ náà mọ́, abẹ́ rẹ̀ sì ti ń ṣọyún.

Dókítà kan ní Ibafo, ọmọdé tí mo lè bí, ya fọ́tò egungun ẹsẹ̀ mi. Ó gbé e sójú iná, ó ní kòkòrò ti wọ inú egungun. Ó fún mi ní kápúsù aláwọ̀ méjì, pupa níhìn-ín, dúdú lọ́hùn-ún: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, n kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan. Ó ní bí kápúsù yìí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn á gé ẹsẹ̀ náà lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí mo bá ń sọ iye pákó tí iṣẹ́ máa gbà. Káfíńtà olórùlé tó ní ẹsẹ̀ kan, kí ló fẹ́ gùn? Ẹ̀rù bà mí gidigidi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo kàn ní kí wọ́n fún mi lómi.

Ìyàwó mi ló gba àbójútó kápúsù. Aládùúrà gidi ni. Á gbé kápúsù kan sínú àwo tíì, á gbàdúrà lé e lórí títí omi inú ife á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, á gbé e fún mi, á sì padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo gbé e mì bó ti yẹ. Ẹnu mi ń korò bí ẹni tó fi ìṣó sẹ́nu, èyí tí kò ṣàjèjì sí mi, ṣùgbọ́n inú mi kò gbà á. Àwọn tó bá wá kí mi ti mọ̀ pé bí mo bá dìde láìdágbére, kí wọ́n má tẹ̀lé mi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì parí, ojú egbò náà pa dé. Mo rìn dé ìkóríta, mo rìn padà, kò dùn mí. Mo sì dájọ́ pé mo ti gbádùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kan òrùlé. Bí iṣẹ́ bá ti parí, mo mọ̀.

Ní àdúgbò wa, oògùn tó bá ṣẹ́kù kì í ṣe ohun tí à ń dà nù. Kò sí ilé tí kò ní ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n so sórí fìríìjì, tí àjẹkù oògùn wà nínú rẹ̀ de ẹni tí yóò tún ṣàìsàn. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá bá mi ni oníbúlọ́ọ̀kù tó wà lódìkejì ṣọ́ọ̀bù mi. Eyín ń dùn ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

“Ọ̀gá káfíńtà, wọ́n ní ẹ ní kápúsù kan báyìí tó le. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní méjì péré.”

Mo fún un ní mẹ́ta. Bí èèyàn bá tọrọ méjì, tí a fún un ní méjì, ahun ni wọ́n máa pè wá. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lọ sílẹ̀, ó sì ròyìn mi dé ibi tí n kò rán an. Ìyá tó ń ta ìpápánu wá nítorí inú rírun. Alájì tó wà lẹ́yìn ilé wa wá nítorí ikọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dókítà, n kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo tiẹ̀ ti ń bi wọ́n léèrè kí n tó fún wọn: “Ṣé àárọ̀ ló máa ń dùn yín jù ni àbí alẹ́?” N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìdáhùn ṣe, ṣùgbọ́n dókítà Ibafo náà béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi rò pé àwàdà ni wọ́n fi orúkọ náà ṣe. Bó bá ti gbé kápúsù fún mi tó kọjú sí ìkòkò, kápúsù á wọ àpò ṣòkòtò, màá mu omi, màá sì gbé orí sẹ́yìn gbì bí ẹni tó gbé òkúta mì. Mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo rí omi egbò lára ìbọ̀sẹ̀ mi. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, èmi tí mo ń kan òrùlé sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́bọ̀, ìyàwó mi gbọ́ òórùn rẹ̀. Dókítà kò sì ní sí lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí a dé Ibafo, dókítà ọmọdé náà tú ẹsẹ̀ wò. “Bàbá, ṣé ẹ lo kápúsù yẹn dáadáa?”

N kò tíì la ẹnu tí ìyàwó mi ti dáhùn. “Dókítà, èmi ni ẹlẹ́rìí wọn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún wọn. Wọn ò fo ọjọ́ kan ṣoṣo.”

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. “Á jẹ́ pé oògùn ò ran kòkòrò yìí nìyẹn, Mà. Kó tó gùnkè, ẹ jẹ́ ká gé e.” Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Dádì, ẹ má bẹ̀rù, mo wà pẹ̀lú yín.”

Bí mo bá dákẹ́, ẹsẹ̀ mi á lọ, ojú mi ò sì ní tì mí. Mo rò ó wò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tiẹ̀ pé oṣù kan.

Mo ní, “Mi ò lò ó.”

“Ẹ ò lo èwo, Bàbá?”

“Láti ìgbà tí egbò ti pa dé. Mo pín in fún àwọn ará àdúgbò. Eyín ń dun ọ̀kan, ikọ́ ń ṣe ọ̀kan.”

Dókítà dá fọ́ọ̀mù padà sínú fáìlì. “Á jẹ́ pé oògùn ò tíì kùnà. Ẹ̀yin lẹ kùnà.” Ó kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lò ó pé, ẹsẹ̀ náà ni mo sì fi ń gun òrùlé títí di òní.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì, ojú fèrèsé ni ìyàwó mi ń wò. Ó kù díẹ̀ ká dé Mowe kó tó sọ̀rọ̀, kò sì wo ojú mi.

“Láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kápúsù yẹn ni mo ti ń gbààwẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ṣínu. Nígbà tí egbò yẹn ṣí padà, mo ní èmi ni mo ṣẹ̀. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ kúnlẹ̀ fún obìnrin tó gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ mi lọ́wọ́, mo ní kó dárí jì mí. Mo rò pé ìkùnsínú mi ló dí àdúrà lọ́nà.”

Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti sọ fún awakọ̀ pé a ti dé, a sì rìn padà díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé kápúsù àti omi wá. Ó dúró síwájú mi títí mo fi gbé e mì. Ó ní, “Ẹ la ẹnu yín.” Mo la ẹnu. Ó ní kí n gbé ahọ́n sókè, mo gbé e. Nígbà tó rí i dájú pé ó ti lọ, ó fa àga kan, ó jókòó, ó bu búrẹ́dì, ó sì ń jẹun. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Kò gbójú sókè títí búrẹ́dì fi tán, ìgbà yẹn ni mo tó rí bó ṣe rù tó.