Bí Mo Ṣe Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Lórí Àga Màmá Tíṣà

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu. Ìyàwó mi ní bí mi ò bá tètè kọ ọ́ síbí, ojú oorun ni mo ti máa sọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, káfíńtà ni mí. Ọ̀nà Ìjan ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbí l'Ádó. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gé pákó, kò sì sí àga tí ẹ máa gbé wá tí mi ò ní kàn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì! Háà! Mo gbọ́ ọ, mo lè kà á, àmọ́ bó bá di kí n la ẹnu sọ ọ́ níwájú ènìyàn, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

Lọ́dún tó kọjá, iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ kan lọ́nà Ìgèdè ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Mo lọ fún íńtáfíù. Alága ní kí n sọ díẹ̀ nípa ara mi. Mo ní "I am". Mo tún ní "I am". Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wí i, mi ò rí nǹkan kan fi tẹ̀lé e! Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo bá jáde. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé wọ́n ti rí ẹnìkan gbà kí n tó débẹ̀. Irọ́ ni mo pa, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọdún yìí ni àyè tún ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo fi í pamọ́ sábẹ́ ráńdà tí mo fi ń fá pákó. Ṣé kí n tún lọ fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹ̀yìn ń dùn mí. Dókítà ti ní kí n dín pákó gbígbé kù. Bí mi ò bá rí iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yìn mi ló máa sọ ọjọ́ tí mo máa ti ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe èmi.

Ibi tí mo ti ń rò ó lọ rò ó bọ̀ ni Màmá Tíṣà wọlé dé.

Ọmọ Ìjan ni màmá yìí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni ilé wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àga méjì ni àwọn àti ọkọ wọn olóògbé máa ń jókòó lé níwájú ilé nírọ̀lẹ́. Ikán ti jẹ tiwọn, tọkọ nìkan ló kù. Wọ́n gbé e wá, wọ́n fẹ́ kí n kan òmíràn tó máa rí bíi tọkọ wọn gẹ́lẹ́, kí méjèèjì tún jọ wà.

Ẹ wá wo ọ̀ràn! Màmá ò gbé àga sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá jókòó tì mí, kí n má baà ba àga ọkọ wọn jẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí fọ́ọ̀mù lábẹ́ ráńdà.

Wọ́n ní kí lèyí? Mo kọ́kọ́ ń kólòlò, ìgbà tó yá mo tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tó fi mọ́ "I am" mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n wá nu ojú, wọ́n ní, "Múfú, inú afẹ́fẹ́ lo ti ń wá Gẹ̀ẹ́sì. Wá a sórí pákó."

Wọ́n tọ́ka sí ẹsẹ̀ àga méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, wọ́n ní èwo ló gùn jù. Mo ní, "Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, Mà, ó ku fín-ín." Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, "This one long, that one long, but small remain."

Yéè! Wọ́n fi ọwọ́ gbá pákó. Wọ́n ní, "This one is nearly as long as that one!" Wọ́n wá là mí lọ́yẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan ni òyìnbó máa ń fi ṣáájú "as", bí àwa náà ṣe ń sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, ó tó o gẹ́lẹ́, kò tó ìdajì ẹ̀. Nearly as. Just as. Not quite as. Twice as. Not half as. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ìwọ̀n, pé ẹni tí kò bá fi í sí i, ńṣe ló ń gé pákó láì wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí mi ṣí! Ìwọ̀n kẹ̀? Kí ni mo ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀ bí kì í ṣe kí n gbé nǹkan méjì síra, kí n wo iye tó kù? Àṣé Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi látọjọ́ yìí!

Bí mo ṣe ya wèrè nìyẹn. Arère is not half as heavy as ìrókò! Mo tọ́ ọbẹ̀ wò nílé, mo ní "not quite as hot as yesterday's," ìyàwó mi béèrè bóyá ẹnìkan rán mi sí òun ni. L'Ọ́jà Ọba, mo gbé iṣu méjì sọ́wọ́, mo ní "just as long, but not nearly as fat." Ìyá oníṣu wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní ṣé iṣu ni alàgbà fẹ́ rà ni àbí wọ́n fẹ́ wàásù.

Ṣùgbọ́n Màmá ò pọ́n mi lé rárá o. Bí inú bá bí wọn, èdè Ìjan ló máa jáde, "ilé" á di "ulé", "iṣẹ́" á di "uṣẹ́" lẹ́nu wọn, ẹ máa mọ̀ pé ó ti dé góńgó. Ìgbàkígbà tí mo bá sì béèrè bóyá àga ti dára bíi tọkọ wọn, wọ́n á yí i po, wọ́n á fọwọ́ pa á lára, wọ́n á ní, "Not quite as good." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Mo gbé e dé iwájú ilé wọn tán, wọn ò tíì jókòó lé e.

Ọjọ́ íńtáfíù pé. Yàrá èṣí náà ni, alága èṣí náà ni, ọ̀gbẹ́ni fìrìgbọ̀n kan tó gbé awò sí orí imú. Ó ní kí n sọ nípa ara mi. "I am" èṣí ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo wá rántí Màmá: gbé nǹkan méjì síra. Mo ní, "Sir, I am the same man as last year, but not nearly as afraid."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jókòó níwájú mi bú sẹ́rìn-ín!

Wọ́n wá gbé àpótí ìjókòó méjì jáde, wọ́n ní ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló kàn wọ́n, kí ni mo máa sọ fún un? Mo dojú wọn délẹ̀, mo fọwọ́ mì wọ́n jìgìjìgì. Ọ̀kan gún régé. Èkejì ti gbó, oríkèé rẹ̀ le dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí págunpàgun. Mo ní, "This one is nearly as strong as that one, but it is not half as neat."

Àwọn méjì yòókù wo alága, wọ́n wo ilẹ̀. Alága bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó ní òun lòun kan àpótí yẹn, nínú iléèwé yìí gan-an, nígbà tí òun wà lọ́mọ iléèwé.

Mo gbé! Ọkàn mi ní kí n dọ̀bálẹ̀, kí n yáa sọ pé ojú ló ń ṣe mí, pé méjèèjì dọ́gba. Ṣé bí iṣẹ́ yìí ṣe máa bọ́ nìyẹn, tí ẹ̀yìn ń dùn mí yìí? Àmọ́ ojú Màmá ló wá síwájú mi, obìnrin tó jókòó tì mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tún fọwọ́ kan àpótí náà. Mo ní, "Sir, it is still not half as neat. But after all these years, it is nearly as strong."

Alága fi ọwọ́ lu tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́! Ó ní láti àárọ̀, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń yin àpótí méjèèjì, pé olùkọ́ tí kò bá lè sọ iye tó kù fún ọmọ, kí ló fẹ́ kọ́ ọ? Ó ní ohun tí ọ̀gá òun sọ nípa àpótí náà láyé ọjọ́un nìyẹn, àfi pé ẹgba ni ọ̀gá fi tì í lẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà dé. Wọ́n gbà mí! Alihamudulilahi! Mi ò ti ṣọ́ọ̀bù, eré ni mo sá dé ọ̀dọ̀ Màmá.

Orí àga ọkọ wọn ni mo bá wọn. Wọ́n ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n lọ jókòó lórí èyí tí mo kàn, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá rẹ̀, wọ́n dijú. Mo béèrè bí mo ṣe máa ń béèrè.

Wọ́n ní, "Nearly as good as his, Múfú. Nearly."

Mo sunkún. Èmi àgbàlagbà! Ẹlòmíràn ti sọ fún mi rí pé iṣẹ́ mi ò láfiwé, kò wọ̀ mí lára tó "nearly" ẹnu obìnrin yẹn.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá sọ iye tó kù fún ẹ, tí kò sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ títí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, ó fẹ́ràn ẹ lóòótọ́ ni. Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa kọ́kọ́ wọ kíláàsì. Bí ọmọ kan bá gbé àpótí ẹ̀ wá bá mi, mo ti mọ ohun tí mo máa sọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni kò parọ́ fún yín rí nípa iṣẹ́ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á fún Màmá. Wọ́n wà níwájú ilé, lórí àga tuntun.