Ìwé Òfin Tó Lọ Tẹ Kimchi

Nígbà tí Mi-ryeong gboyè jáde ní yunifásítì nílùú Daegu, ní Kòríà, ojú ń ti ìyá rẹ̀ láti sọ ohun tó lọ kọ́.

"Ọdún mẹ́rin lórí ìwé títò? Ṣé ìwé ò lè dá dúró ni?"

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rí ni ti bọ́ọ̀sì ìkàwé, èyí tó máa ń gun òkè lọ sáwọn abúlé ní gbogbo ọjọ́rú. Àwọn àgbà ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ ooru inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń bá wá. Wọ́n á yáná tán, wọ́n á ki í pé ó ṣeun, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Tak, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún, rọra gòkè wọlé. "Ọmọ mi, fún mi ní ìwé tó wúwo."

Inú Mi-ryeong dùn dé ẹ̀yìn. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé pé kéèyàn máa fi pẹ̀lẹ́ wádìí ohun tí ẹni tó wá yá ìwé ń fẹ́. "Wúwo lórí kí ni, Màmá? Ìtàn ni, àbí ẹ̀sìn?"

"Lórí kimchi ni. Òkúta tí mo fi ń tẹ ẹ̀fọ́ oníyọ̀ náà mọ́nú ìkòkò ti là sí méjì."

Bọ́ọ̀sì hó fún ẹ̀rín. Mi-ryeong wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: láti oṣù tó kọjá, ẹnì kan ò yá nǹkan kan. Ló bá fi ọ̀rá di ìwé òfin ilẹ̀ ńlá kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lu òǹtẹ̀ lé e. "Ọ̀sẹ̀ méjì o, Màmá."

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, Baba Pyo, ọkọ Màmá, ló gbé ìwé dé. Baba Pyo kì í sọ̀rọ̀. "Hùn" ni gbogbo èsì rẹ̀. Mi-ryeong rò pé ó wá bá òun jà ni, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ẹ má bínú..."

"Apá kejì ẹ̀ dà?"

Màmá Tak ti ń pariwo bọ̀ lẹ́yìn. "Ìwọ ọmọ yìí, o pa mí! Baba yìí gbé ìwé kúrò lórí ìkòkò mi, kimchi mi bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà, òfin ló ń kà sí mi létí. Mo tiẹ̀ ní kó sún fún mi níbi tó gbóná nílẹ̀ yàrá, ó ní kí n fi ẹ̀rí hàn pé èmi ni mo nilẹ̀! Ká ní mo mọ̀wé ni, mi ò bá wá òfin tí màá fi pa á lẹ́nu mọ́."

"Ẹ jókòó, Màmá," ni Mi-ryeong wí. "Màá kọ́ yín."

Nígbà tí yìnyín fi máa yọ́ tán lórí òkè, Màmá ti ń so lẹ́tà pọ̀. Àkọlé inú bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ kà dópin: "Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Baba Pyo ní àkọlé kì í ṣe òfin.

Mi-ryeong ní nínú bọ́ọ̀sì tòun, òfin ni.